Ọ̀ṣọ́ inú géèmù: Ta ló ń san owó eré tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́?

Ní Ahougnansou, àdúgbò kan nílùú Bouaké ní Côte d'Ivoire, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu, ẹni tó ní fóònù lè gba géèmù Free Fire láì san kọ́bọ̀. Ilé iṣẹ́ Garena ti Singapore ló gbé e jáde lọ́dún 2017. Ọjà ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ń pawó: aṣọ, ijó àti àwọ̀ ìbọn.

Kí ni àǹfààní rẹ̀?

Owó tí àwọn kan ń ná ni kò jẹ́ kí àwọn yòókù san owó ìwọlé. Nínú Fortnite, géèmù ilé iṣẹ́ Epic Games ti Amẹ́ríkà, ọ̀ṣọ́ lásán ni aṣọ. Àmọ́ nínú Free Fire, àwọn àwọ̀ ìbọn kan máa ń fi agbára kún ìbọn. Níbẹ̀ ni owó ti ń wọ inú ìdíje.

Níbo ni ewu wà?

Eléré kì í fi sẹ́fà ra ọ̀ṣọ́ tààrà. Dáyámọ́ńdì inú géèmù ni yóò kọ́kọ́ rà, èyí tí kì í jẹ́ kí ọmọdé mọ iye gidi tó ń ná.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, Epic Games gbà láti dá mílíọ̀nù 245 dọ́là padà fún àwọn oníbàárà, lẹ́yìn tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan fẹ̀sùn kàn án pé ó ń jẹ́ kí ọmọdé rajà láì gba àṣẹ òbí.

Kí ni òbí lè ṣe?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ mọ nọ́mbà àṣírí àpò owó orí fóònù yín. Kó tó ra dáyámọ́ńdì, ẹ jọ ṣírò iye sẹ́fà tó jẹ́.