Igi Sípúrúùsì Kékeré: Ibi Tó Yẹ Kí Wọ́n Gbìn Ín sí àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ẹni tó bá dé àwọn ọjà ńlá nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Bìrìtéènì lóṣù Kejìlá ọdún yóò rí igi kékeré kan tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà. Inú ìkòkò ni igi náà máa ń wà, orí rẹ̀ ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ fẹ̀, ewé rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo igi yòókù ti wọ́wé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti nílé tara wọn lọ́hùn-ún ló máa ń rà á fi ṣọdún Kérésìmesì, tí wọ́n á sì gbìn ín síwájú ilé bí ọdún bá ti parí. Nígbà tí yóò bá fi tó ọdún méjì, apá kan lára igi náà yóò ti pọ́n bí ẹni pé iná jó o. Igi náà ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí wọ́n gbìn ín sí gan-an ló pa á.

Sípúrúùsì ni wọ́n ń pe igi yìí. Ẹ̀yà rẹ̀ tó wà láyé tó bíi 35, ilẹ̀ olótùútù apá àríwá ayé sì ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Bí èèyàn bá já ẹyọ kan, tó fi ìka méjì yí i, yóò mọ̀ ọ́n lára pé ó ní igun mẹ́rin, yóò sì máa yí gbirigbiri. Ewé igi fir, tí àwọn èèyàn máa ń ṣì mú fún un, pẹlẹbẹ ni tirẹ̀, kò ṣe é yí bẹ́ẹ̀. Èyí tó kéré, tí wọ́n ń tà nínú ìkòkò, ni wọ́n ń pè ní Dwarf Alberta.

Ìtàn bí wọ́n ṣe rí i dùn ún gbọ́. Lọ́dún 1904, àwọn onímọ̀ igi méjì, Alfred Rehder àti John George Jack, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Arnold Arboretum, ìyẹn ọgbà igi Yunifásítì Harvard nílùú Boston, rìnrìn àjò lọ sí Alberta ní Kánádà. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń pa á nítàn, ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń dúró dè nítòsí adágún omi Laggan tí ojú wọn fi tó àwọn sípúrúùsì funfun kan tí kò dà bí ẹgbẹ́ wọn. Sípúrúùsì funfun máa ń ga tó mítà 15 sí 30 nínú igbó. Àwọn wọ̀nyí ṣe aràrá, ẹ̀ka wọn sì fún mọ́ra gádígádí. Wọ́n kó wọn lọ sí Boston. Ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n ń gé gbìn látìgbà náà, bí àgbẹ̀ ti ń gé igi ẹ̀gẹ́ gbìn, kì í ṣe kóró. Nípa bẹ́ẹ̀, èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà ní Chicago àti èyí tó wà ní London, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Igi yìí kì í kánjú. Sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 ló ń fi kún gíga rẹ̀ lọ́dún, ó sì lè lo 30 ọdún kó tó ga tó mítà 3. Èyí ló mú kó yẹ àgbàlá kékeré. Kí ẹni tó fẹ́ rà á má ṣe gba Colorado blue spruce, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tó ṣì, dípò rẹ̀. Ìyẹn náà máa ń kéré nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n ó lè ga tó mítà 15 sí 20, kí ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ tó mítà 6. Ẹni tó bá gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yóò sanwó gọbọi fún agégi lọ́jọ́ tó bá bo fèrèsé. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ní ọ̀rinrin, irú bíi Illinois àti Maryland, àrùn kan tó ń jẹ́ Rhizosphaera tún máa ń bọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Òtútù ló bá sípúrúùsì lára mu. Dwarf Alberta lè fara da òtútù tó lọ sílẹ̀ tó 40 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru ni kò fẹ́. Ara rẹ̀ máa ń dá ní Minnesota àti Toronto; ní Houston, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ńṣe ló máa ń rù. Nílẹ̀ Yorùbá gan-an, kò ṣeé gbìn, nítorí kò sí ìgbà òtútù tí yóò fi sinmi. Igi ṣóńṣó tó pọ̀ níwájú ilé ní Èkó àti Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní igi másíkírẹ́ẹ̀dì, kò bá a tan rárá. Íńdíà àti Sri Lanka ni ìyẹn ti wá. Ìnáwó asán ni fún ẹni tó bá fẹ́ gbé sípúrúùsì wálé, ká má tíì sọ pé òfin kò gbà kí èèyàn kó igi láàyè wọ Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ.

Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Igi yìí ń fẹ́ oòrùn dáadáa, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìdí ògiri funfun tó kọjú sí gúúsù, nítorí pé oòrùn tó bá kan ògiri yóò tún padà wá jó o. Ewu tó ju ìyẹn lọ wà nígbà òtútù. Ilẹ̀ a ti dì gbagidi, gbòǹgbò kò ní lè fa omi, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn àti oòrùn yóò máa fa omi inú abẹ́rẹ́ lọ. Ìhà tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni yóò gbẹ, tí yóò sì pọ́n bí ìgbà ìrúwé bá dé. Iná tí àwọn onílé ń rí nìyẹn. Ibi tí ilé tàbí ọgbà bá ti gba atẹ́gùn dúró ló yẹ ẹ́, kó jìnnà sí ògiri tó mítà kan àtààbọ̀, kó sì jìnnà sí títì tí wọ́n ń da iyọ̀ sí nígbà yìnyín. Ilẹ̀ tí omi ń dá dúró sí kò dára fún un.

Oṣù Kẹsàn-án tàbí ìgbà ìrúwé ló dára jù láti gbìn ín. Kí kòtò má ṣe jìn ju ìdì gbòǹgbò rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kó fẹ̀ tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta rẹ̀. Gbòǹgbò tó bá ti ń yí po nínú ìkòkò, kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì tú u ká. Èyí tí wọ́n bá fi ṣọdún kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 10 lọ nínú ilé, nítorí ooru ilé yóò tàn án jẹ pé ìgbà òtútù ti parí; bó bá ti jí, tí wọ́n sì gbé e sínú yìnyín, ó di òkú. Kí wọ́n ti gbẹ́ kòtò rẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó dì. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, kí wọ́n máa bomi rin ín dáadáa, pàápàá kí òtútù tó wọlé, kí wọ́n sì fi èèpo igi bo ìdí rẹ̀ láìjẹ́ kó kan ara igi.

Ọ̀tá tó burú jù fún Dwarf Alberta ni kòkòrò kan tó jẹ́ ìbátan aláǹtakùn, tó kéré débi pé ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ó ń fa omi ara ewé. Abẹ́rẹ́ á kọ́kọ́ ṣì, á dà bí èyí tí eruku bò, kó tó di pé ó já bọ́. Ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé, tí ojú ọjọ́ tutù díẹ̀, ni wọ́n máa ń pọ̀ sí i. Inú ooru oṣù Keje ni onílé máa ń rí ohun tí wọ́n ti bàjẹ́, tí yóò wá máa fín oògùn nígbà tí ọ̀daràn ti kúrò níbẹ̀. Lóṣù Kẹrin ló yẹ kí wọ́n ti fi bébà funfun sábẹ́ ẹ̀ka, kí wọ́n gbọn ẹ̀ka náà sí i. Bí ohun tó dà bí ìyẹ̀fun bá ń rìn lórí bébà, wọ́n ti dé. Omi rọ́bà tó le, tí wọ́n darí sí inú igi náà àti abẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ léraléra fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, máa ń gbá ọ̀pọ̀ wọn dànù. Oògùn apakòkòrò tó ń pa ohun gbogbo lè dá kún ìṣòro, nítorí yóò pa àwọn kòkòrò tó ń jẹ wọ́n. Kò yẹ kí wọ́n fi falẹ̀ rárá, torí ẹ̀ka sípúrúùsì tó bá ti di ìhòòhò kì í rúwé mọ́. Ní Bìrìtéènì, kòkòrò mìíràn, aláwọ̀ ewé, tún máa ń fa omi ara rẹ̀ láti ìparí ìgbà òtútù, àgàgà bí òtútù ọdún náà kò bá mú.

Igi yìí kò nílò kí wọ́n máa gé e rẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí wọ́n máa ṣọ́. Nígbà mìíràn, ẹ̀ka kan yóò dédé yọ, abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn, ó sì ń sáré ju gbogbo ara yòókù lọ. Sípúrúùsì funfun inú igbó ló tún jáde lára aràrá yẹn. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, yóò borí igi náà, yóò sì di igi gàgàrà síwájú ilé. Kí wọ́n gé e láti ìdí rẹ̀ gan-an, kó tó nípọn ju ìka ọwọ́ lọ.