Síso Sípíkà Mọ́ Kọ̀ǹpútà: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé, Ilé-ẹ̀kọ́ àti Gbọ̀ngàn Ìpàdé

Ohùn tí kọ̀ǹpútà alágbèéká ń gbé jáde kò ju èyí tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó jókòó níwájú rẹ̀ lè gbọ́. Ní Òmùpo, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ọmọ ní Ìlọrin, ní Èkó àti ní òkè òkun. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bá bá àwọn àgbà ilé ṣèpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ohùn kò sì dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, àwọn tó jókòó sẹ́yìn yóò fọwọ́ sí ohun tí wọn kò gbọ́. Bákan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ìlà ìkẹyìn kò ní jàǹfààní ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ gbé sórí kọ̀ǹpútà. Nítorí èyí ni a ṣe kọ àlàyé yìí.

Fífi wáyà gbé ohùn wọlé kì í ṣe àjèjì láàrin wa. Ní ọdún 1935 ni iṣẹ́ Rediffusion bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1939. Wáyà ló ń gbé ohùn wá sínú àpótí tó wà nínú ilé, onílé kò sì lè dá a lóhùn. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa pè é. Àǹfààní ti òde òní ni pé onílé fúnra rẹ̀ ló ń yan ohun tí yóò gbọ́.

Ẹ mọ irú sípíkà tí ẹ ní

Oríṣi méjì ni sípíkà. Èkíní ní agbára tirẹ̀: ó ní wáyà iná tàbí bátìrì, ó sì ní ibi tí a ti ń yí ohùn sókè sódò. Irú èyí ṣeé so mọ́ kọ̀ǹpútà tààrà. Èkejì kò ní agbára kankan. Ojú wáyà méjì péré ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Amplifier gbọ́dọ̀ wà láàrin irú èyí àti kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe lọ́ wáyà rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, nítorí agbára tí ó tó fún ohun àfetígbọ́ kékeré ni kọ̀ǹpútà ń gbé jáde. Ohùn kò ní jáde dáadáa, kọ̀ǹpútà sì lè bàjẹ́.

Ọ̀nà mẹ́ta tí a lè gbà so ó

1. Wáyà olórí 3.5 mm. Lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ihò aláwọ̀ ewé ni ohùn ń gbà jáde. Èyí tó ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú wà fún máíkì, aláwọ̀ búlúù sì wà fún gbígba ohùn wọlé. Lára kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹ wá ihò tí a ya àwòrán ohun àfetígbọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ amplifier ni ẹ fẹ́ so, ẹ ra wáyà tó ní orí kan ní apá kan, àti orí méjì, pupa àti funfun, ní apá kejì. Pupa jẹ́ ti ọ̀tún, funfun jẹ́ ti òsì. Ihò tí a kọ AUX tàbí LINE IN sí ni kí ẹ kì í bọ̀. Bí ẹ bá kì í bọ ihò MIC, ohùn yóò ya gbàràgbàrà, nítorí ohùn kọ̀ǹpútà lágbára ju ti máíkì lọ.

2. USB. Àwọn sípíkà kan ń gba iná àti ohùn láti ibẹ̀. Àwọn mìíràn ń gba iná nìkan, wáyà 3.5 mm ló ń gbé ohùn fún wọn. Bí sípíkà yín bá ní wáyà méjèèjì, ẹ so méjèèjì.

3. Bluetooth. Èyí kò nílò wáyà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí ó bá ju nǹkan bíi mítà 10 lọ. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Bluetooth sípíkà títí iná rẹ̀ yóò fi máa ṣẹ́jú, kí ẹ sì wá orúkọ rẹ̀ nínú Settings kọ̀ǹpútà. Bí kò bá jáde, ẹ wò ó bóyá fóònù ẹlòmíràn ló ti dè é mọ́lẹ̀.

Kí ẹ tó so wáyà, ẹ yí ohùn wálẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ tan sípíkà kẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá parí, sípíkà ni kí ẹ kọ́kọ́ pa.

Bí ìṣòro bá yọjú

Bí ohùn kò bá jáde, ẹ tẹ àwòrán sípíkà tó wà nítòsí aago lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ yan sípíkà yín. Bí ẹ bá ti fi wáyà HDMI so tẹlifíṣọ̀n tàbí ẹ̀rọ asàwòrán mọ́ ọn, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ohùn ń lọ.

Bí ó bá ń kùn hùn-ùn, ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà díẹ̀. Bí kíkùn bá dáwọ́ dúró, láti ọ̀nà iná ni ó ti wá. Ẹ ki kọ̀ǹpútà àti sípíkà bọ ojú iná kan náà.

Bí ó bá ń hu nínú ìpàdé, máíkì ló ń gbọ́ ohùn sípíkà. Ẹ gbé sípíkà jìnnà sí máíkì, kí ẹ sì rí i pé kọ̀ǹpútà tàbí fóònù kan ṣoṣo ló ṣí ohùn àti máíkì sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn.

Ààbò

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tútù kan wáyà iná. Ẹ jẹ́ kí iná jẹnẹrétọ̀ dúró déédéé kí ẹ tó so ẹ̀rọ mọ́ ọn. Bí ààrá bá ń sán, ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò lójú iná. Ẹ má ṣe tú ẹ̀yìn amplifier, nítorí iná lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́. Ẹ rántí etí náà: bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín tó gbọ́, ohùn náà ti pọ̀ jù.

A ń rọ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìpàdé pé kí ẹ dán ohùn wò kí èrò tó pé. Kí ẹnìkan lọ jókòó sí àga tó jìnnà jù, kí ó sì na ọwọ́ bí ó bá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yékéyéké. Bí ẹni ìkẹyìn bá gbọ́, gbogbo ilé ti gbọ́.