Ẹgbẹ́ Wo Ló Ga Jù Nínú Ìdíje Róbọ́ọ̀tì?

Róbọ́ọ̀tì ni ẹ̀rọ tí ènìyàn ṣe, tí ó lè rìn, tí ó lè gbé ẹrù tàbí ju bọ́ọ̀lù, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe é bá ti fẹ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń ṣe róbọ́ọ̀tì, wọn a sì gbé e wá síbi ìdíje.

Dean Kamen ló dá ẹgbẹ́ FIRST sílẹ̀ ní ọdún 1989. Ní 1992, wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ ní ìlú Manchester, ní New Hampshire. Ẹgbẹ́ 28 ló wá. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn sì ń jiyàn lórí wọn bí àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ti ń jiyàn.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí eré náà á ní ẹgbẹ́ 71 ni, ti ìlú Hammond ní Indiana. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ní 1997, 2001, 2002 àti 2004. Ní 2002, apẹ̀rẹ̀ ńlá mẹ́ta ni àwọn róbọ́ọ̀tì ń dù. Ti ẹgbẹ́ 71 di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú lẹ́ẹ̀kan, ó ń fẹsẹ̀ wọ́ wọn lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè tì í padà. Àwọn mìíràn á ní rárá, ẹgbẹ́ 254 ti San Jose ni, tó gbà á ní 2011, 2014 àti 2018. Ará Kánádà á dárúkọ ẹgbẹ́ 1114, tó gbà á ní 2008.

Ní tèmi o, àwọn ọmọ Carl Hayden ni mo mú, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tálákà ní ìlú Phoenix, ní Arizona. Inú omi ni wọ́n ti ṣe ìdíje tiwọn, ní Santa Barbara, ní oṣù kẹfà ọdún 2004.

Ọmọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n. Mẹ́síkò ni wọ́n ti bí wọn, wọn kò sì ní ìwé ìgbélùú. Owó tí wọ́n tọrọ jọ kò ju nǹkan bíi 800 dọ́là lọ. Páìpù oníke, irú èyí tí omi ń gbà wọ ilé, ni wọ́n fi ṣe róbọ́ọ̀tì wọn. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ń rùn, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Stinky, ìyẹn Olóòórùn. Àárín àwọn yunifásítì ni wọ́n forúkọ sílẹ̀ sí. Àwọn olùkọ́ wọn rò pé bí yunifásítì bá na ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kì í ṣe ìtìjú.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, omi ń jò wọ inú àpótí tí wáyà iná wà. Àyè kò sí mọ́ láti tún un ṣe. Ni wọ́n bá lọ ra òwú tí àwọn obìnrin ń lò fún nǹkan oṣù, wọ́n kì í sínú àpótí. Òwú náà fa omi mu!

Nínú omi, àwọn ọmọ MIT, yunifásítì olókìkí, ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ tún ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń ka ìwé tí wọ́n kọ nípa iṣẹ́ wọn. Carl Hayden gba ẹ̀bùn ìwé kíkọ, wọ́n sì gba ipò kìíní pátápátá. MIT ṣe ìkejì.

Àwọn kan ní ẹnu àti kálàmù ló borí, kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Èmi kò gbà. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan ló lè ṣàlàyé rẹ̀ báyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kò tán síbẹ̀. Ní 2006, àwọn ará Arizona dìbò pé kí ẹni tí kò ní ìwé máa san owó yunifásítì ìjọba bí àjèjì. Síbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà gboyè ẹ̀rọ ní 2009. Ó padà sí Mẹ́síkò láti lọ tọrọ ìwé. Ní 2010 ni wọ́n tó jẹ́ kó wọlé padà, ó sì lọ ṣe sójà fún Amẹ́ríkà.