Ta Ló Tọ́jú Sawyer?

Owódé Onírin ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá gbọ́ ìró irin lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má bínú, ọjà ni.

Ìtàn tòní kò jìnnà sí wa rárá. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì níbí, tó kọjá Mile 12, Ketu, Ojota àti Maryland, tó wá bọ́ sílẹ̀ ní Yaba, ó ti dé ọ̀kan nínú ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Tó bá tún sọdá sí Erékùṣù, tó dé Obalende, ó ti dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, Patrick Sawyer, ọmọ Làìbéríà tó tún jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Èkó. Monrovia ló ti ń bọ̀, ó gba Lomé kọjá, ìpàdé ECOWAS ní Calabar ló sì ń lọ. Kò dé Calabar. Ó ṣubú ní pápákọ̀ òfuurufú. Àwọn dókítà ìjọba wà lórí ìyanṣẹ́lódì nígbà yẹn, ilé ìwòsàn aládàáni ni wọ́n bá gbé e lọ, First Consultants, ní Obalende.

Ọ̀dọ̀ Dókítà Ameyo Stella Adadevoh ni gbogbo wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Òun ló fura pé èyí kì í ṣe ibà lásán. Òun ló ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún Ebola. Nígbà tí àwọn kan ń fẹ́ kí wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀ kó máa lọ síbi ìpàdé rẹ̀, òun ló kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ti ṣe fíìmù nípa rẹ̀, 93 Days, Bimbo Akintola ló sì ṣe bíi rẹ̀ níbẹ̀. Google fi àwòrán rẹ̀ sójú ewé wọn ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2018. Ìran Herbert Macaulay ni, ẹ̀jẹ̀ agídí wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n dókítà kì í jókòó ti aláìsàn láti àárọ̀ dalẹ́. Dókítà á wọlé, á wò ó, á kọ oògùn, á jáde. Ta ló wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn yẹn?

Justina Ejelonu wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Kò tíì pẹ́ rárá tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé Sawyer dé, oyún sì wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ohun tó ṣe fún ọkùnrin náà sórí Facebook lẹ́yìn náà, kò sì ju ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe lójoojúmọ́ lọ. Ó yẹ ara rẹ̀ wò. Ó ràn án lọ́wọ́ láti jẹun, nítorí agbára ti tán nínú ọkùnrin náà. Ó ní òun kò fọwọ́ kan omi ara rẹ̀, àfi ibi tí ọwọ́ ọkùnrin náà ti kàn ni ọwọ́ òun náà kàn.

Ìyẹn náà tó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ebola kì í gba inú afẹ́fẹ́ ranni bíi ikọ́ ife. Ẹ̀jẹ̀, èébì, ìgbẹ́, itọ́, òógùn, àwọn ni ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá kó o, tí àìsàn kò tíì hàn lára rẹ̀, kì í kó o ran ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá ṣe ń le sí i ni kòkòrò rẹ̀ ń pọ̀ sí i lára, tó bá sì kù díẹ̀ kí ẹni náà kú, àti lẹ́yìn tó bá kú tán, ìgbà yẹn ló burú jù. Àsìkò tí èèyàn kò lè gbé ife omi sẹ́nu mọ́, tó ń wá ọwọ́ ẹlòmíràn, àsìkò yẹn gan-an ni ọwọ́ ẹlòmíràn wà nínú ewu jù. Ẹni tó sá kò ní kó o. Ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ọmọ tó wẹ òkú bàbá rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó nu èébì, àwọn ló ń kó o. Bó ṣe pa èèyàn tó ju 11,000 lọ ní Gíní, Làìbéríà àti Sàró láàárín 2014 sí 2016 nìyẹn.

Mo mọ̀ pé inú àwọn kan ṣì ń bí sí Sawyer. Arábìnrin rẹ̀ ti kú nínú Ebola kó tó wọkọ̀ wá, síbẹ̀ ó sẹ́ pé òun kò bá ẹnikẹ́ni tó ní i pàdé. Mi ò gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń kú lọ ní ìlú onílùú ni, láìsí ìyàwó tàbí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí kò lè jẹun fúnra rẹ̀, ẹnì kan ràn án lọ́wọ́. Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ 25 oṣù Keje.

Èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ ká padà sí oṣù Kìíní ọdún 1969, tí ogun Biafra ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Lassa, lápá Borno, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan, ará Amẹ́ríkà, Laura Wine, ń ṣàìsàn. Ọ̀nà ọ̀fun ló kọ́kọ́ ń dùn ún. Nígbà tó le, wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì ní Jos. Charlotte Shaw ni nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀. Ẹnu aláìsàn náà kún fún egbò, Shaw bá wé aṣọ bándéèjì mọ́ ìka ara rẹ̀, ó rọra fi nu ẹnu náà mọ́ fún un. Kò wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ̀gún òdòdó róòsì sì ti ha ìka yẹn gan-an, níbi tó ti ń já òdòdó fún ẹlòmíràn.

Laura Wine kú. Charlotte Shaw kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú Shaw, Penny Pinneo, náà bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Wọ́n gbé e gba Èkó kọjá lọ sí New York, wọ́n sì rí kòkòrò tuntun nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ibà Lassa tí a ń gbọ́ lórí rédíò lọ́dọọdún nìyẹn, ìka nọ́ọ̀sì mẹ́ta tó ń tọ́jú ara wọn la fi mọ̀ ọ́n. Pinneo yè é. Nígbà tí onímọ̀ kan ní Yale, Jordi Casals, kó àìsàn náà níbi tó ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, omi ẹ̀jẹ̀ Pinneo ni wọ́n fà sí i lára, òun náà sì yè. Lọ́dún 1970, nígbà tí àìsàn náà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Jos, Pinneo padà sí Nàìjíríà láti wá ṣèrànwọ́. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Èmi ì bá má padà.

Ká padà sí Èkó. Wọ́n kó àwọn tó ti ṣàìsàn lọ sí ilé ìwòsàn àwọn àrùn tó ń ranni ní Yaba. Ẹ̀rù ba àwọn èèyàn láti lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sì rọrùn láti rí ẹni tó máa wọlé. Ẹ rántí bí ìlú ṣe rí nínú oṣù Kẹjọ yẹn. Lóru ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ ṣáà ń ti fóònù kan bọ́ sí òmíràn pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iyọ̀ ti di góòlù ní àdúgbò wa. Irọ́ ni, ó sì pa èèyàn. Nínú irú ẹ̀rù yẹn ni àwọn kan fi wọ aṣọ ike láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n wọlé tọ àwọn aláìsàn lọ. Dókítà Ada Igonoh, tó tọ́jú Sawyer tó sì kó o, wà lára àwọn aláìsàn náà, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó rántí dókítà kan láti àjọ WHO, David Brett-Major, tó máa ń rọ̀ ọ́ kó máa mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà, kó mu ún bí kò tilẹ̀ wù ú. Ó mu ún, ó sì jáde láàyè.

Justina Ejelonu kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ. Dókítà Adadevoh kú ní ọjọ́ 19. Evelyn Ukoh, tó ń tún wọ́ọ̀dù ṣe ní Obalende, náà kú.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo ẹni tó ti sún mọ́ àwọn aláìsàn yìí kiri. Wọ́n rí nǹkan bí 900, wọ́n sì lọ wò wọ́n nílé ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, WHO kéde pé kò sí Ebola mọ́ ní Nàìjíríà. Èèyàn 20 ló kó o, 8 ló kú.

Tí ẹ bá ní dátà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá kà èyí tán, ẹ wá orúkọ Justina Ejelonu. Ọ̀rọ̀ tó kọ sórí Facebook nígbà tí ara rẹ̀ kò yá ṣì wà nínú àwọn ìròyìn ọdún yẹn.