Àwòrán Tọ́, Ìtumọ̀ Ṣìnà: Ẹ̀kọ́ Kan fún Òpìtàn

Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rí, ọ̀tọ̀ ni ìtumọ̀ tí a fún un. Àpẹẹrẹ tí a ó fi ṣàlàyé èyí wà lójú ọ̀run Òṣú níhìn-ín. Nínú oṣù kọkànlá, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró tí ọyẹ́ kò sì tíì bo sánmà, ẹni tí ó bá kọjú sí àríwá ní nǹkan bí aago 10 alẹ́, níbi tí kò sí òṣùpá tàbí iná mànàmáná, lè rí àbàwọ́n funfun kékeré kan láàárín àwọn ìràwọ̀. Andromeda ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ya àwòrán tí ó fi bí Andromeda ti ká hàn kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Isaac Roberts ni, ọmọ ilẹ̀ Wales tí a bí ní 1829, tí ó fi iṣẹ́ ilé kíkọ́ lówó ní Liverpool. Ó fi owó ara rẹ̀ ra awò awọ̀nàjíjìn tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó 20 íǹṣì. Ní 1888, ó kọ ojú rẹ̀ sí Andromeda fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín náà lè kóra jọ díẹ̀díẹ̀ sára awo dígí tí a fi oògùn ayàwòrán pa. Nígbà tí a fọ àwòrán náà, àbàwọ́n ti di ohun tí ó ká bí ìkarahun ìgbín.

Kí ni Roberts rò pé òun rí? Ó rò pé oòrùn tuntun kan ni, tí àwọn ayé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àmì-ẹ̀yẹ wúrà dá a lọ́lá ní 1895; ó sì kú ní 1904. Ní 1923, nínú àwòrán tí Edwin Hubble fi awò 100 íǹṣì yà ní California, ó rí ìràwọ̀ kan níbẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀, tí ó sì ń dín, ní ìwọ̀n ọjọ́ kan náà nígbà gbogbo. Iye ọjọ́ náà ni a fi ń mọ bí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ ti mọ́lẹ̀ tó, àti bí ó ti jìnnà tó. Agbo ìràwọ̀ àìlóǹkà ni Andromeda, lẹ́yìn òde tiwa. Nǹkan bí 2,500,000 ọdún ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Lónìí, ẹni tí ó ní awò kékeré, kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Òṣú. Ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí bá ọ̀run, kí ó sì fi òpó ọ̀run àríwá ṣe atọ́nà. Níhìn-ín, ìràwọ̀ tí ó wà nítòsí òpó náà kò ga ju nǹkan bí ìwọ̀n 8 lọ nínú 90 tí ó wà láti ẹsẹ̀ sánmà dé àtàrí. Igi tàbí òkè Ìjẹ̀ṣà lè bò ó. Nítorí náà, ibi tí àríwá rẹ̀ tẹ́jú ni kí ó wá.

Bí ó bá ṣe pé ohun tí Roberts gbàgbọ́ nìkan ni ó kọ sílẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ nìkan ni à bá jogún. Ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀rí òtítọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì àti ìtàn ẹnu àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà: ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti sọ ọ́, kí a tó kọ èrò tiwa. Èrò wa lè ṣìnà. Bí ẹ̀rí bá pé, àwọn ọmọ wa yóò tún un kà.