Mont-Saint-Michel: Ilé Àdúrà, Odi Ogun àti Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Mont-Saint-Michel, ìfọkànsìn àwọn mọ́ńkì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣàlàyé bí ilé náà ṣe wà di òní. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Èrò wa ni pé ìwúlò tí ìran kọ̀ọ̀kan rí fún un ni kò jẹ́ kó wó, títí kan ìwúlò tó tini lójú.

Orí àpáta kan létíkun Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, ni ó wà. Bí òkun bá kún gan-an, omi á yí àpáta náà ká. Bó bá fà, yanrìn tó lè gbé àjèjì mì ló máa ń kù. Nígbà mìíràn, ìyàtọ̀ láàárín ìkún àti ìfà yìí a máa lé ní mítà 13.

Ìtàn ìjọ sọ pé ní ọdún 708, Olú-áńgẹ́lì Máíkẹ́lì fara han Aubert, bíṣọ́ọ̀bù Avranches, pé kó kọ́lé àdúrà síbẹ̀. Ní 966, àwọn mọ́ńkì Benedict débẹ̀. Nígbà tí ogun sun apá kan ilé náà ní 1204, Ọba Philip Kejì fowó sílẹ̀ fún àtúnkọ́. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ ilé tí wọ́n ń pè ní La Merveille láàárín 1211 sí 1228. Àjà mẹ́ta ló ní, ipò ènìyàn ni wọ́n sì fi tò ó: òtòṣì ń gba sàárà nísàlẹ̀, wọ́n ń ṣe àlejò ọlọ́lá láàárín, àwọn mọ́ńkì sì ń jẹun lókè pátápátá.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Mont-Saint-Michel, odi àti omi ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Ìkọlù wọn ní 1434 forí ṣánpọ́n. Àgbá ogun méjì tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ibodè.

Ìyípadà ìjọba Faransé ló lé àwọn mọ́ńkì jáde ní 1791. Lásìkò yẹn, ilé àwọn mọ́ńkì ní Cluny, tó lókìkí jù ú lọ, bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, wọ́n wó o, wọ́n sì ta òkúta rẹ̀. Mont-Saint-Michel bọ́ nínú èyí nítorí pé ìjọba sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n. Ní nǹkan bí 1820, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ onígi ràgàjì kan sí iyàrá tí àwọn mọ́ńkì ń kó egungun òkú sí. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n á wọnú rẹ̀, wọn á máa rìn lójú kan. Bó ṣe ń yí ni okùn ń wé, tó sì ń fa oúnjẹ gun ara àpáta. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń hun fìlà koríko, títí iná fi sọ níbẹ̀ ní 1834.

Wọ́n ti ẹ̀wọ̀n náà pa ní 1863, ìjọba sì fi òfin dáàbò bo ilé náà ní 1874. Títì tí wọ́n là débẹ̀ ní 1879 mú kí yanrìn gbárajọ, omi kò sì rọ́nà yí àpáta ká dáadáa mọ́. Afárá tí wọ́n ṣí ní 2014 ló rọ́pò rẹ̀, kí omi lè ráyè kọjá.

Àlejò tó ń lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù 2. Ẹwà ilé àti òkun ló ń fà wọ́n, ṣùgbọ́n òpìtàn tó bá fo ọdún 1791 sí 1863 kò lè ṣàlàyé bí ẹwà náà ṣe ṣẹ́ kù. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n wà lára àwọn tó pa ilé náà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́.