Ẹ̀tù, Ọyẹ́ àti Ogun Kírìjì

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ ní Agbowó àti Bódìjà, ìwé ni àwa ń múra sí. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, nígbà tí Bódìjà yìí ṣì jẹ́ oko àti igbó, ogun ni àwọn ọmọ Ìbàdàn ń múra sí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ṣakabùlà ni ìbọn wọn. A ó da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, a ó sọ ọta sí i, a ó fi ọ̀pá gún un, òkúta ìṣáná ni yóò sì ta iná sí i. Bí òjò bá kan ẹ̀tù náà, ìbọn di igi lásán. Nítorí náà ni àwọn olórí ogun fi ń yan ẹ̀ẹ̀rùn: odò ti fà, ọ̀nà ti gbẹ, iṣẹ́ oko sì ti dẹwọ́.

Ṣùgbọ́n mímọ àkókò kò tó. Ó yẹ kí a mọ ibi tí ẹ̀tù yóò gbà wọlé. Láti etíkun ni ó ti ń wá, ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ni ó sì ń gbà kọjá. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà rán ènìyàn lọ sí Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, láti ra ìbọn àti ẹ̀tù. Inú bí àwọn Ẹ̀gbá, ìjà dé, ọ̀nà sì dí.

Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, nítorí ìwà ìnilára àwọn ajẹ́lẹ̀ ti sú àwọn ará ìlú. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀. Ògèdèǹgbé di olórí ogun wọn. Àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó kó owó jọ, wọ́n ra ìbọn Snider, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lò ní 1866, wọ́n sì gba ọ̀nà Oǹdó fi í ránṣẹ́. Ẹ̀tù dúdú ni ìbọn yìí náà ń jẹ, ṣùgbọ́n ìdí ni a ti ń kì í, kì í ṣe ẹnu. A gbẹ́ ìlà lílọ́ sí inú rẹ̀, tí ọta fi ń yí bí òkòtó, tí ó sì ń lọ jìnnà.

Báyìí ni ọta bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn Ìbàdàn níbi tí ọta tiwọn kò lè dé. Ìró ìbọn ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Ó pẹ́ kí Ìbàdàn tó rí díẹ̀ rà nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ogun tí à bá fi ẹ̀ẹ̀rùn kan jà wá di ti òjò ti ẹ̀ẹ̀rùn. Látòósà kú sí ibùdó ní 1885. A tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886. 1893 ni ibùdó tó tú, nígbà Gómìnà Carter.

A máa ń fi ìgboyà Ìbàdàn yangàn, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ìgboyà kò wọ́n wọn ní Kírìjì. Ọ̀rẹ́ tí yóò ṣí ọ̀nà fún wọn ni ó wọ́n. Ẹni tí ó ń múra ogun, tí ó ń ka ẹ̀tù, tí kò ka àwọn tí ó ti ṣẹ̀, ìṣirò rẹ̀ kò pé. Àgbà tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.